ÀWỌN ỌKỌ̀ ÒFURUFÚ OGUN ILẸ̀ NÀÌJÍRÍÀ, TI ÀNÁ ÀTI TI ÒNÍ

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn àwọn ọkọ̀ òfurufú tí ilẹ̀ Nàìjíríà fi ń jagun, kí ó fi òwe yìí sọ́kàn, nítorí pé apá méjì ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní. Apá kìíní ni ọkọ̀ náà gan-an: irin rẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀, àti ohun ìjà tí ó gbé. Apá kejì ni ènìyàn àti owó: ẹni tí ń wà á, ẹni tí ń tún un ṣe, epo tí ń mu, àti ohun èlò tí a fi ń rọ́pò èyí tí ó bá gbó lára rẹ̀. Nígbà tí apá méjèèjì bá pé ni ọkọ̀ ń fò. Nígbà tí ọ̀kan bá kán, yóò jókòó sílẹ̀ bí adìẹ tí a so mọ́lẹ̀. Láti ọdún 1964 wá, méjèèjì ni ó ti ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà.

Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọdún 1960, ó ní ọmọ ogun orí ilẹ̀, ó sì ní ti orí omi, ṣùgbọ́n kò ní ti òfurufú. Ní ọdún náà gan-an ni a rán àwọn sójà rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Kóńgò, láti bá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pẹ̀tù sí ìjà ibẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú àwọn ará òkèèrè ni a fi ń kó wọn lọ, òun náà ni a sì fi ń kó wọn bọ̀. Ẹni tí ó gun ẹṣin àyálò kò lè gùn ún kọjá ibi tí ẹlẹ́ṣin bá fẹ́. Àwọn aláṣẹ sì rí i pé orílẹ̀-èdè tí ó tóbi tó Nàìjíríà kò lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yan àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti lọ kọ́ bí a ti ń wa ọkọ̀ òfurufú. Àwọn mẹ́wàá lọ sí ilẹ̀ Ethiopia ní ọdún 1962. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn lọ sí Kánádà àti Íńdíà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1964, a fi òfin dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú sílẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn Jámánì ni ó fi àwọn olùkọ́ ránṣẹ́, ọ̀gágun ará Jámánì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gerhard Kahtz ni ó sì kọ́kọ́ ṣe olórí. Ní ọdún 1966 ni ipò náà bọ́ sí ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́, nígbà tí George Kurubo gba iṣẹ́.

Oríṣi ọkọ̀ mẹ́ta ni àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí kọ́kọ́ lò jù. Èkíní ni Dornier Do 27, ọkọ̀ kékeré elẹ́rọ kan tí apá rẹ̀ wà lókè orí àwọn tí ó jókòó nínú rẹ̀. Kì í pẹ́ sáré kí ó tó gbéra, nítorí náà ó lè sọ̀ sí pápá kékeré tàbí ojú ọ̀nà tí kò gùn. Èkejì ni Piaggio P.149D, èyí tí a fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kẹta ni Noratlas, ọkọ̀ elẹ́rọ méjì tí ìrù rẹ̀ pín sí méjì, tí a fi ń kó ẹrù àti sójà. Abẹ̀bẹ̀ irin tí ń yí bírí ní iwájú ẹ̀rọ ni ó ń fa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a ṣe fún ìjà. Èrò àwọn tí ó rà wọ́n ni pé kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ mọ fífò, kí wọ́n mọ ẹrù rírù, kí ọ̀rọ̀ ìbọn tó kàn.

Ṣùgbọ́n ogun kì í dúró de ẹni tí ń múra. Ní oṣù keje ọdún 1967, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàrin ìjọba àpapọ̀ àti Biafra. Àwọn olùkọ́ ará Jámánì kó ẹrù wọn, wọ́n padà sílé. Ìjọba àpapọ̀ bẹ Bírítéènì àti Amẹ́ríkà pé kí wọ́n ta ọkọ̀ ogun fún òun. Wọn kò gbà. Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà, nígbà tí oṣù kẹjọ sì fi pé, àwọn ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì ti ń dé: MiG-17 láti ọ̀dọ̀ àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì, àti L-29 Delfin láti ilẹ̀ Czechoslovakia. Lẹ́yìn náà ni Ilyushin Il-28 tí ń ju bọ́ǹbù dé, tí àwọn ará Íjíbítì sì bá wọn wà lára rẹ̀.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí jẹ́ẹ̀tì fi yàtọ̀. Jẹ́ẹ̀tì kì í ní abẹ̀bẹ̀ ní imú. Ẹ̀rọ rẹ̀ a máa fa afẹ́fẹ́ wọlé láti iwájú, a fún un mọ́ra gírígírí, a fọ́n epo sí i, a sì dáná sí i. Afẹ́fẹ́ gbígbóná náà a tú jáde láti ẹ̀yìn pẹ̀lú agbára, ọkọ̀ a sì fò síwájú, gẹ́gẹ́ bí bàlúùnù tí ọmọdé fẹ́ tí ó sì jù sílẹ̀ láì so ẹnu rẹ̀. Ìyára rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ìyára náà ní ewu tirẹ̀. Ẹni tí ó ń sáré bẹ́ẹ̀ kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ láti fi mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀. Nígbà ogun náà, bọ́ǹbù bọ́ sí àwọn ọjà àti ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Biafra, àwọn ìyá tí ó lọ ra ẹ̀gẹ́ àti àwọn aláìsàn orí ibùsùn sì kú nínú ìjà tí wọn kò mú ìbọn sí.

Biafra náà kò káwọ́ gbera. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1969, ọlọ́lá ará Swídìn kan, Carl Gustaf von Rosen, kó ọkọ̀ kékeré MFI-9B márùn-ún wá. Ọkọ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní. A so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ abẹ́ apá wọn, wọ́n sì fò lọ́rẹ̀ẹ́rẹ́ orí igi kí ẹnikẹ́ni má ba à tètè rí wọn. Lójijì ni wọ́n yọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú Port Harcourt àti àwọn mìíràn, wọ́n sì ba àwọn ọkọ̀ ńláńlá jẹ́ níbi tí wọ́n jókòó sí. Ẹ̀kọ́ tí àwọn ológun kọ́ níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ tí kò gbéra kò sàn ju àwo amọ̀ lọ, bí ó ti wù kí ó wọ́n tó, àti pé ọkọ̀ kékeré tí ó bá iṣẹ́ mu lè ṣe ohun tí ńlá kò lè ṣe.

Ogun náà kò dá olórí sí. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1969, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Shittu Àlàó, tí ó ti jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun òfurufú láti ọdún 1967, dá nìkan wa L-29, ọkọ̀ náà sì já ní Uzebba, ní ìhà àríwá ìlú Benin. Òun tí ó ń pàṣẹ fún gbogbo awakọ̀ òfurufú ilẹ̀ náà kú bí ọ̀kan nínú wọn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 1970, ogun parí.

Lẹ́yìn ogun ni owó epo rọ̀bì dé. Ní ọdún 1975 Nàìjíríà gba MiG-21, jẹ́ẹ̀tì tí ìyára rẹ̀ lókè réré jẹ́ ìlọ́po méjì ìyára ohùn. Ohùn a máa rin nǹkan bí kìlómítà 1,200 ní wákàtí kan. Nítorí náà, bí MiG-21 bá lo gbogbo agbára rẹ̀, bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin ni yóò fi ti Èkó dé Ìbàdàn. Láti ọdún kan náà ni C-130 Hercules ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti Amẹ́ríkà dé. Òun kì í sáré bí jẹ́ẹ̀tì ìjà. Alágbára ẹlẹ́rù ni: ẹ̀rọ mẹ́rin ni ó ní, ẹ̀yìn rẹ̀ a máa ṣí sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn àká, ọkọ̀ ogun a sì wọ inú rẹ̀ lọ. Ó lè sọ̀ sí orí iyanrìn àti ilẹ̀ tí a kò da ọ̀dà sí. Bí a bá wo iṣẹ́ tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe fún ilẹ̀ náà, ó ṣòro kí a rí èyí tí ó ju Hercules lọ.

Láàrin ọdún 1981 sí 1987, rírà ọkọ̀ di ti kánkán. A ra Alpha Jet 24, tí àwọn Jámánì àti Faransé jọ ṣe. A ra Jaguar 18 láti Bírítéènì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní ọdún 1984 tí a sì kó lọ sí Makurdi. A ra MB-339 méjìlá láti Ítálì, àti L-39 mẹ́rìnlélógún láti Czechoslovakia. Ọkọ̀ 78 nìyẹn, láì ka hẹlikọ́pítà àti ẹlẹ́rù. Ẹni tí ó bá rí wọn lórí ìlà ní ọjọ́ àyẹ̀wò yóò wí pé kò sí ẹgbẹ́ wọn ní apá ibí yìí ní Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú kò dà bí ilé tí a kọ́ tí a sì ń gbé. Wákàtí ni a fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Olúkúlùkù ohun tí ó wà lára rẹ̀ ni ó ní iye wákàtí tí ó lè fò: bí wákàtí náà bá pé, a gbọ́dọ̀ yọ ọ́, ìbáà dán bí ọjọ́ tí a rà á. Ẹni tí kò bá yọ ọ́ ń fi ẹ̀mí awakọ̀ ta ayò. Àwọn ohun èlò wọ̀nyí kò sí ní ọjà Ládípọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ ni a ti ń rà wọ́n, owó òkèèrè ni ó sì ń gbà. Èyí tí ó tún burú ni pé orílẹ̀-èdè tí ó pọ̀ ni a ti ra àwọn ọkọ̀ náà. Ìṣó Jaguar kò bá ihò L-39 mu. Ìwé tí ó ṣàlàyé MiG kò ṣàlàyé Alpha Jet. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ọ̀kan ní òkèèrè gbọ́dọ̀ tún padà lọ kọ́ òmíràn. Ó dà bí ìgbà tí bàbá kan ra oríṣi alùpùpù mẹ́fà fún ọmọ mẹ́fà, tí kò sì sí mẹkáníìkì kan tí ó mọ ju ọ̀kan lọ. Nígbà tí iye owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní ọdún 1986, tí náírà náà sì ń rẹ̀yìn, àpò kò lè gbé e mọ́. Ní ọdún 1991 a kó àwọn Jaguar kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún méje péré ni wọ́n lò. Kì í ṣe ọ̀tá ni ó já wọn lulẹ̀. Àìlówó ìtọ́jú ni.

Síbẹ̀ àwọn tí ó kù ń sá ipá wọn. Nígbà tí Nàìjíríà ṣíwájú àwọn ọmọ ogun ECOMOG wọ Liberia ní ọdún 1990, Hercules ń gbé sójà àti oúnjẹ lọ, Alpha Jet sì ń jà. Ní àárín ìṣòro yìí ni àjálù ńlá dé. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, Hercules kan gbéra ní Èkó, ó kún fún àwọn ọ̀gá sójà tí ó jẹ́ ọ̀dọ́. Kò pẹ́ tí ó gbéra ni ẹ̀rọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú tẹ̀ lé ara wọn, ọkọ̀ náà sì já sí ilẹ̀ olómi ní Èjìgbò. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 150. Kò sí ẹni tí ó yè. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọkọ̀ òfurufú kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ológun nìkan.

Nígbà tí ọdún 2009 dé, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gba jẹ́ẹ̀tì F-7Ni láti ilẹ̀ Ṣáínà, ìran MiG-21 tí àwọn ará Ṣáínà tún ṣe. Ọdún kan náà ni ìjà Boko Haram gbóná ní Maiduguri. Ìjà yìí kò dà bí èyí tí a ṣe MiG-21 fún. Ọ̀tá kò ní ọkọ̀ òfurufú tí a ó lé bá. Abẹ́ igi àti inú abúlé ni ó ń sá pamọ́ sí, ó sì ń wọ aṣọ tí àgbẹ̀ ń wọ̀. Ẹni tí ó ń sáré bí ohùn kò lè fi ojú ya àgbẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọlọ́tẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2017, ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun òfurufú ju bọ́ǹbù sí Rann, ní ìpínlẹ̀ Borno, níbi tí àwọn tí ogun lé kúrò nílé kóra jọ sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú, àwọn òṣìṣẹ́ Red Cross tí ó wá pín oúnjẹ sì wà nínú wọn. Ìjọba gbà pé àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí ó bá ti òkè bọ̀ kì í ṣe é kó padà.

Irú ìjà bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ọkọ̀ tí ó lè rọra yí ká lókè fún wákàtí púpọ̀, tí ó sì ní ojú. Èyí ni ó mú kí Nàìjíríà ra A-29 Super Tucano méjìlá. Brazil ni a ti pilẹ̀ ọkọ̀ yìí. Ní Amẹ́ríkà ni a ti to ti Nàìjíríà pọ̀. Mẹ́fà àkọ́kọ́ sọ̀ sí Kano ní oṣù keje ọdún 2021, gbogbo wọn sì dé kí ọdún náà tó parí. Abẹ̀bẹ̀ ni ó tún padà sí imú ọkọ̀ yìí! Ẹni tí ó bá rí i lè rò pé ayé padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ni ó wà níbẹ̀: epo tí ó ń mu kò pọ̀, ó lè pẹ́ lójú ọ̀run, ènìyàn méjì sì ni ó wà nínú rẹ̀; bí ọ̀kan ti ń wà á, èkejì ń fi kámẹ́rà tí ń ríran lóru wo ilẹ̀. A kò sì ra irin nìkan. A ra ohun èlò ìpààrọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, a kọ́ àwọn awakọ̀ àti àwọn mẹkáníìkì ní Amẹ́ríkà, a sì kọ́ ilé ìtọ́jú rẹ̀ sí Kainji. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, JF-17 mẹ́ta, tí Pakistan àti Ṣáínà jọ ṣe, wọ iṣẹ́ ní Makurdi. Hẹlikọ́pítà Mi-35 ti Rọ́ṣíà náà ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́, àti àwọn ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ nínú, tí a ń darí láti ilẹ̀.

Nínú gbogbo èyí, ènìyàn ni ó ṣòro rí ju ọkọ̀ lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2019, ọ̀dọ́bìnrin méjì gba àmì-ẹ̀yẹ apá ẹyẹ wọn: Kafayat Sanni, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wa jẹ́ẹ̀tì ogun ní Nàìjíríà, àti Tolúlọpẹ́ Arótilé, ọmọ Yorùbá láti ìpínlẹ̀ Kogi, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wa hẹlikọ́pítà ogun. Arótilé jà pẹ̀lú àwọn ọlọ́ṣà ní ìhà Niger, ó sì bọ̀ láì fara pa. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2020, mọ́tò gbá a ní Kaduna, ó sì kú ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dàgbà. Kò sí ọjà tí a ti lè ra ìrọ́pò rẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù keje ọdún 2021, àwọn ọlọ́ṣà yin ìbọn sí Alpha Jet kan ní ààlà Zamfara àti Kaduna. Awakọ̀ rẹ̀, Abáyọ̀mí Dáìró, fa ohun tí ń ta ìjókòó jáde kúrò nínú ọkọ̀, aṣọ ńlá tí ó dà bí agboòrùn sì gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó sá pamọ́, ó dúró de alẹ́, ó fi ẹsẹ̀ rìn nínú igbó àwọn tí ń wá a kiri, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn sójà. Ìjókòó tí a tọ́jú dáradára ni ó gbé e jáde. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọ dáradára ni ó mú un dé ilé.

Ó yẹ kí a fi Jaguar àti Alpha Jet wéra wò. Láàrin ọdún díẹ̀ síra wọn ni a rà wọ́n, àwọn méjèèjì sì jẹ́ ọkọ̀ rere. Jaguar dákẹ́ ní ọdún 1991. Ní ọdún 2021, ogójì ọdún lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀ sí í rà á, Alpha Jet ṣì ń fò, nítorí pé ní Kainji àwọn ọmọ Nàìjíríà ti kọ́ bí a ti ń tú u palẹ̀ tí a sì ń tò ó padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Kaduna, ní òpin àwọn ọdún 1980, wọ́n ti to ọkọ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́ kékeré kan pọ̀, tí wọ́n pè ní Air Beetle, tí wọ́n mú àwòrán rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ àwọn tí ń tú ìṣó tí wọ́n sì ń ka wákàtí nínú ìwé kò ní ariwo. Kò sí ẹni tí ń pàtẹ́wọ́ fún wọn ní ọjọ́ àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ìgbà tí awakọ̀ bá wà lókè réré, tí òkùnkùn ṣú, tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń dún geere, ọwọ́ wọn ni ó gbé e dúró.